Ojú Ewé Mélòó Ló Ti Wọlé?

Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
11 Oṣù Karùn-ún, 1997.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ kànga o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin àti Màmá á ti máa ka ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Ìlọrá. Ara mi le, mo sì ń jẹun. Àǹtí Níyìọlá, àbúrò yín, ní kí n kí yín. Wọ́n ní bí ẹ kò bá gbúròó wọn, kì í ṣe ìgbéraga; aṣọ òkìrìkà tí wọ́n ń tà ní ọjà Boundary ni kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Yàrá méjìlá ló wà nínú ilé tí a ń gbé, mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà. Mo ti ka èdè márùn-ún láti ẹnu ọ̀nà dé balùwẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, orí pákó la ń gbà kọjá gọ́tà, kálukú ló sì mọ pákó tó lè gbé òun. Èmi kò tíì mọ tèmi.

Mo ti rí ibi tí n ó ti ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé fi dandan lé wa kí a tó lè wọ ọdún tó kẹ́yìn. Ọ́fíìsì kékeré kan ni ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Láràárọ̀, kọ̀ǹpútà wa á gba inú wáyà fóònù pe kọ̀ǹpútà mìíràn ní Marina tó so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti ń gba ìwé tó sọ ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀. Ìwé náà lè tó ogóje ojú ewé. Kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó ń kán wọlé bí omi ẹ̀rọ tí kò lágbára, ó lè gbà ju wákàtí kan lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó kí n máa wò ó. Ohun tó rú mi lójú ni pé kò sí nǹkan kan láti wò. Àwòrán aago oníyanrìn kékeré kan ló máa ń dúró sí àárín ojú kọ̀ǹpútà. Bí ìwé bá ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà. Bí wáyà bá ti já, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa wà. Bí ó bá sì já, láti ojú ewé kìíní la ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ó já lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án.

Ọ̀gá wa, Mánẹ́jà Onoriode, máa ń yọ orí láti yàrá wọn: "Small girl, e don hang?" Wọ́n ń béèrè bóyá ó ti há. N kò mọ ohun tí mo lè sọ, nítorí n kò mọ̀ lóòótọ́. Mo máa ń wolẹ̀ ni.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ tètè fèsì, ẹ jọ̀wọ́.

Ọmọ yín,
Tẹjúmọ́lá


Ìlọrá,
24 Oṣù Karùn-ún, 1997.

Tẹjúmọ́lá ọmọ mi,

A kí ọ láti ilé. Lẹ́tà rẹ lo ọjọ́ mẹ́tàlá lójú ọ̀nà kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún kà á fún ìyá rẹ, àwa méjèèjì wá ń wo ara wa. O ní iṣẹ́ rẹ ni kí o máa wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ ní bóyá ìwọ ni wọ́n fi ṣọ́ ẹ̀rọ náà kí olè má bàa gbé e. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i. Mo ronú títí, n kò rí i mú.

Ṣé ilé ìwé mọ̀ pé ohun tí ò ń ṣe níbẹ̀ nìyí? Bí ọ̀gá náà bá ń fi ọ́ jókòó lásán, sọ fún mi.

O kò sọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ò ń lọ. O kò sì dárúkọ ẹnì kan tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́. Nílé níbí, àlejò lè jẹun tán kó máa lọ láìgbọ́ ohùn rẹ. Ẹni tó bá ń wolẹ̀ ṣáá l'Ékòó, wọn á rò pé nǹkan ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbé orí sókè.

Okùn tí mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga ti ń tú fọ́nrán fọ́nrán. Mo gbọ́ pé okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀ pọ̀ ní Àpápá. Bá mi wá èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò.

Èmi bàbá rẹ,
Ìbídàpọ̀


Ajégúnlẹ̀,
8 Oṣù Kẹfà, 1997.

Bàbá mi,

Ẹ kú àánú mi. Lẹ́tà yín dé lánàá. Àǹtí ti rí okùn náà. Ìyàwó pásítọ̀ wa tó ń bọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ á mú un wá. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹ ti mọ̀ pé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kì í ṣe ìṣọ́ ni wọ́n fi mí ṣe o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín dùn mí, nítorí ó jọ òótọ́. Ni mo bá sọ fún ara mi pé n ó ṣe ohun tí ojú lè rí. Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé ìwé bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Mo kọ àṣẹ kan tó ń fa ìlà gbọọrọ sójú kọ̀ǹpútà. Bí ojú ewé bá ṣe ń wọlé, ìlà náà á máa di búlúù láti òsì lọ sí ọ̀tún. Lábẹ́ rẹ̀, ó ń sọ iye ìṣẹ́jú tó kù.

Ọ̀gá rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n pe Àǹtí Phoebe, akọ̀wé wa: "Phoebe, come see wetin this small girl do!" Àǹtí Phoebe, ọmọ Abẹ́òkúta, wò ó, wọ́n ní, "Áà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ ló gbé ẹnu sí." Odindi ọjọ́ méjì ni inú mi fi dùn. Ní ọjọ́ méjèèjì, kò já rárá.

Lọ́jọ́ kẹta ni ojú tì mí. Òjò ń rọ̀, wáyà sì máa ń falẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Ìlà náà ní ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀gá bá sọ fún oníbàárà kan pé kí ọkọ̀ tó fẹ́ fi kẹ́rù máa bọ̀ ní ẹnu géètì èbúté. A retí ìṣẹ́jú méjì náà fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ó ku mọ́kànlá. Bàbá, ẹ̀yìn ló ń lọ! Oníbàárà náà wá dúró lé mi lórí nínú aṣọ tó ti rin: "Two minutes since morning! Na the computer dey lie, abi na you?" Ọ̀gá bínú wọ yàrá wọn lọ, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Kò pẹ́ rárá, wáyà já.

Láti ìgbà náà ni ó tún ti ń já bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ní kí n pa ìlà irọ́ yẹn rẹ́. Fóònù méjì ló wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan lórí tábìlì Àǹtí Phoebe, ọ̀kan nínú yàrá Ọ̀gá. Ọ̀gá ti ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má lo fóònù nígbà tí ìwé bá ń wọlé, nítorí pípè ń gé e. Ọ̀gá ní Àǹtí Phoebe ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àǹtí Phoebe búra títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ní báyìí, fóònù tiwọn ti wọ inú àpótí onígi, Ọ̀gá sì ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Lánàá, pẹ̀lú àpótí náà, ó já lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀gá wá ní bí kì í bá ṣe Phoebe, a jẹ́ pé àṣẹ tí mo kọ ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Keje. Bí ìwé rẹ̀ kò bá wọlé pé kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù, wọn á dá mi padà, wọn kò sì ní fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́ mi. Láìsí ìfọwọ́sí yẹn, n kò lè wọ ọdún tó kẹ́yìn. Mo ti yẹ àṣẹ tí mo kọ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. N kò rí àṣìṣe níbẹ̀. Orí mi dàrú.

Kí ni kí n ṣe, Bàbá?

Tẹjú yín


Ìlọrá,
15 Oṣù Kẹfà, 1997.

Tẹjúmọ́lá,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti kọ̀wé sí ọ, o kò fèsì. N kò mọ̀ bóyá lẹ́tà mi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, n kò mọ̀ bóyá ọ̀nà ló wà, n kò mọ̀ bóyá ó ti sọnù. Bí ẹnì kan bá lè sọ fún mi pé ó ti dé Ìbàdàn, ọkàn mi á bá a dé Ìbàdàn.

Ṣé ohun tí mo sọ nípa iṣẹ́ rẹ ló bí ọ nínú? Bàbá kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé n kò sọ ọ́ láti fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ìyá rẹ ti ń di ẹrù pé òun ń bọ̀ l'Ékòó. Mo ní kó ṣì ní sùúrù di Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Kọ̀wé. Bó jẹ́ ìlà méjì.

Bàbá rẹ


Ajégúnlẹ̀,
22 Oṣù Kẹfà, 1997.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò tíì rí èsì lẹ́tà tí mo kọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹ má ṣe bínú bí mo bá tún ń da yín láàmú.

Lọ́jọ́ Ẹtì ó já lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Fóònù Àǹtí Phoebe wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò Ọ̀gá. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn, n kò kan nǹkan kan, n kò tilẹ̀ wúkọ́. Ó já náà ni. Mo ti ń fura sí òjò, mo ti ń fura sí àwọn ọkọ̀ epo tó ń mi ilẹ̀ tìtì ní ojú títì. Mo ti ń fura sí ara mi.

Mo sọ fún Àǹtí Níyìọlá, wọ́n ní, "O ò ṣe bá ọ̀gá náà jókòó kí ẹ sọ ọ́? Àbí Ìlọrá lo gbé ẹnu ẹ sí wá ni?" Gbogbo ilé gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín ní èdè márààrún.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ pé kí n máa bọ̀ nílé. Bí ẹ bá sọ ọ́, kò ní jọ pé èmi ni mo sá.

Tẹjú


Ìlọrá,
26 Oṣù Kẹfà, 1997.

Tẹjú ọmọ mi,

Lẹ́tà tí o kọ ní ọjọ́ kẹjọ dé lánàá. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Fi ìbáwí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ṣáájú èyí sílẹ̀. Ojú ló ń ro mí.

N kò mọ kọ̀ǹpútà. Kànga ni mo mọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́, bàbá kan ní Awẹ́ ní kí n gbẹ́ kànga fún òun. Ó bi mí pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló kù kí n tó kan omi. Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn, mo ní ó ku mẹ́wàá. Mo gbẹ́ mẹ́wàá, kò sí omi. Mo ní ó ku márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì mo bá òkúta pàdé, mo ní ó ku ogún. Ó pè mí ní òpùrọ́ lójú àwọn ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi mí, èyí tí mo ti gbẹ́ ni mo máa ń sọ fún un. Mo ti gbẹ́ ogún. Mo ti gbẹ́ ọgbọ̀n. Ibi tí omi wà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ tí mo ti kó jáde, ojú gbogbo wa ló wà níbẹ̀.

Ọ̀kan tún kù. Bàbá yẹn kì í rí mi nínú kòtò. Bí mo bá ti dákẹ́, á fa okùn wò láti mọ̀ bóyá mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Garawa tí mo ti bu erùpẹ̀ kún á yí dà lé mi lórí, n ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Kò gbèrò ibi sí mi o. Àìrí mi ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo iye garawa tí mo ti bù kún sókè, ló tó mú ọwọ́ kúrò lára okùn.

Ta ló ń fa okùn yín níbẹ̀? Má ṣe wá ẹni tó kórìíra rẹ. Wá ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ jù lọ.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá jọ kànga, ju lẹ́tà yìí nù.

Bàbá rẹ,
Ìbídàpọ̀


Ajégúnlẹ̀,
6 Oṣù Keje, 1997.

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Lẹ́tà yín méjèèjì dé pọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Èyí tí ẹ fi bá mi wí ni mo kọ́kọ́ ṣí, mo sunkún. Mo wá ṣí èkejì ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, mo sì dúró níbẹ̀ títí àwọn awakọ̀ ẹrù fi ń fun fèrè sí mi.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ jù lọ. Mo ronú kan Àǹtí Phoebe, mo ronú kan ara mi. Mo wá rántí ọjọ́ méjì tí kò já, tí Ọ̀gá fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀rù bà mí láti parí èrò náà, nítorí àwọn ló ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má lo fóònù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo kọ àṣẹ mìíràn. N kò fi ìṣẹ́jú sí i. Nọ́ńbà gàdàgbà kan ṣoṣo ni: iye ojú ewé tó ti wọlé nínú ogóje, àti aago tí èyí tó kẹ́yìn dé. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí ọ̀nà yàrá Ọ̀gá, mo sì fi páálí ìwé kan dá ilẹ̀kùn wọn dúró kó má bàa padé.

Àǹtí Phoebe ní, "Ta ló ní kí o ṣí ilẹ̀kùn ọ̀gá sílẹ̀?"

Mo ní, "Ooru ń mú wọn, mà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ooru, nínú òjò yìí? Ìwọ ọmọ yìí, o ti ń di ará Ajégúnlẹ̀."

Ọ̀gá wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n rí i. "Wetin be that number?"

"Ojú ewé tó ti wọlé ni, sà." Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n sọ Yorùbá sí ọmọ Ùròbò. Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n gbọ́ ọ jù mí lọ.

"Nígbà wo ló máa parí?"

"N kò mọ̀, sà. Èyí tó ti dé nìkan ni mo mọ̀."

Wọ́n pòṣé. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó dé ogójì, wọ́n kà á sókè. Nígbà tó dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń pe nọ́ńbà bí ẹni tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rédíò. Nígbà tó dé méjìdínlọ́gọ́fà, ó dúró.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ó di ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó di mẹ́sàn-án. "E don hang," ni Ọ̀gá wí. Ni mo bá rí ọwọ́ wọn tó ń lọ sí fóònù orí tábìlì wọn. Wọn kò wò ó, Bàbá. Ọwọ́ náà ń dá lọ ni, bí ọwọ́ ṣe máa ń lọ síbi tó bá ń yúnni. Ọjọ́ gbogbo tí ilẹ̀kùn yẹn fi wà ní pípadé, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ń gbé e, wọ́n ń fetí sí i, bóyá ariwo kọ̀ǹpútà ṣì ń ké nínú rẹ̀.

"Ẹ má gbé e, sà!"

Èmi ni. Bíìrò bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Phoebe. Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lókè.

"Èmi lò ń jágbe mọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa wò."

Ẹnikẹ́ni kò mira. Òjò ń lu páànù. Ó wá di mọ́kàndínlọ́gọ́fà.

Ọ̀gá rọra gbé ọwọ́ náà sábẹ́ itan wọn, wọ́n jókòó lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí ogóje fi pé, ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún.

"Mo kàn ń gbọ́ ọ ni," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "N kò pe ẹnì kankan. Pípè ló ń gé e, àbí?"

"Gbígbé náà ń gé e, sà."

Wọ́n dìde, wọ́n ṣí àpótí Àǹtí Phoebe. Àǹtí Phoebe kò dúpẹ́, wọn kò sì bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn nu fóònù náà bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ.

Nígbà tí a fẹ́ ṣíwọ́, Ọ̀gá dá ìwé ìkọ́ṣẹ́ mi padà fún mi. Wọ́n ti fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé ìwé ti béèrè ìwà akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kọ ọ́ pé mo dákẹ́ jù. Mo ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá. N kò mọ̀ bóyá ìbáwí ni, n kò sì mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni. Ẹ bá mi bi Màmá.

Ẹ gbàgbé ohun tí mo kọ ní ọjọ́ kejìlélógún, bí ó bá ti dé. N kò bọ̀ mọ́.

Ọmọ yín,
Tẹjúmọ́lá


Ìlọrá,
7 Oṣù Keje, 1997.

Tẹjú mi,

Lẹ́tà tí o fi ní kí n jẹ́ kí o wá sílé dé ní àárọ̀ yìí. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé báyìí, nítorí ohun tí mò ń kà ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ dá ti kọjá, èmi sì ń kà á bí ẹni pé ó ń bọ̀.

Bí wọ́n bá ti lé ọ, máa bọ̀. Kì í ṣe ìwọ lo sá. Èmi ni mo pè ọ́. Bí wọn kò bá tíì lé ọ, dúró. Bí ó bá sì ti dára, a jẹ́ pé inú ẹkún ni èmi àti ìyá rẹ wà lónìí lórí ohun tó ti di ẹ̀rín lọ́dọ̀ rẹ, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún wa.

Ìyá rẹ kò dúró gbọ́ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti gbé ẹní rẹ síta, ó sá a sóòrùn. Ó ní láti ọ̀la lọ, oúnjẹ ènìyàn mẹ́ta ni òun ó máa sè.

Bàbá rẹ